Owó Gbà-Má-Bínú Lórí Èéjí

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tẹ ohun tí adájọ́ bá sọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà mẹ́ta ti pa rẹ́ lójú rẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Ẹni tó ra bíríkì tí wọ́n kó èyí tó ti sán wá fún, ẹni tó háyà ọkọ̀ tí ọkọ̀ ò dé, gbogbo wọn ló ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Adájọ́ ò ní tíì la ẹnu tí n ó ti mọ ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí ìyá mi fi ń pè mí ní Akọ̀wé, tí wọ́n sì máa ń pè é bí ẹni ń tu nǹkan kíkorò dànù, nítorí nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe.

Bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn tó bá ẹ ṣe, owó tí ilé ẹjọ́ máa ní kó san là ń pè ní owó gbà-má-bínú. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbà. Ẹni tí kò bínú mọ́ ló kù tí mi ò tíì rí.

Ìyá mi ní èéjí. Àlàfo kékeré kan ni, láàárín eyín méjì òkè, tí igi ìṣáná lè gbà kọjá. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi rí bàbá mi fẹ́, wọ́n sì fi dá ẹ̀rù ba gbogbo ẹlẹ́ran tó wà ládùúgbò wa, torí bí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín, owó ẹran ti ń wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi jogún èéjí yẹn, bí ẹni fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tèmi so pọ̀ bíi ti bàbá mi, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣèèṣì wọ ilé onílé ni.

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ, a ò sì fi ẹ̀yin pe ara wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun àti ìyá mi ò fojú kan ara wọn. Ó fẹ́ ọkùnrin kan tí ìyá mi ò fẹ́. Ìyá mi ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́ àfi bí àwọn bá ránṣẹ́ pè é. Òun náà ní ó dáa, òun ò ní wá àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́. Ọkùnrin náà kú, ìjà náà ò kú. Alágídí méjì, èéjí méjì. Wọ́n jọ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún yìí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gbé ife tíì wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Akọ̀wé, pè é. Sọ fún un pé kó wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mọ́kànlá."

Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n ń sọ. Mo pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọjọ́ Ẹtì dáa. Ọjọ́ Ajé, mo ní ibì kan tí mò ń lọ." Mi ò bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ohun kan ló wà nílẹ̀. Eyín mẹ́rin iwájú ìyá mi ti ré láti oṣù méje sẹ́yìn, èéjí ti bá wọn lọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ti jáwọ́ nínú lílọ sílé ìjọsìn, àwọn aládùúgbò sì rò pé ìgbéraga ló dé. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n á fi áńkáṣífù bo ẹnu, wọ́n á ní ọ̀fìnkìn ń ṣe àwọn. Oṣù méje gbáko, ọ̀fìnkìn kan ṣoṣo.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Eléyín nìyẹn. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà nìyẹn, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá lókè ilé tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn tò sórí pákó, ẹnu tí wọ́n fi ẹfun dà, tí orúkọ oníkálukú wà lábẹ́ tirẹ̀. Ìyá mi gé ìda rírọ̀ jẹ kó lè rí bí erìgì wọn ṣe rí. Wọ́n wá yọ àwòrán kan jáde nínú báàgì, àwòrán ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín gan-an. "Bó ṣe rí nìyí," ni wọ́n sọ. Eléyín kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mo rí i, mo kà á: eyín iwájú mẹ́rin, èéjí, Ọjọ́bọ̀.

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ ní àlejò pàtàkì ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ kíákíá báyìí?"

Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Àlejò wo? Oúnjẹ ni mo fẹ́ fi jẹ."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè àwọn amòfin ní àìmọye ìgbà: àdánù tí o kò jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe àdéhùn, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì lè rò ó dé ibẹ̀, má retí pé yóò sanwó rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ mi. Ẹsẹ̀ mi sì wà lábẹ́ bàtà ìyá mi, mo ń wo àwọn ẹnu ẹfun yẹn, mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé ìta, ìyá mi ní, "Ṣé ẹni tó ń ṣe eyín ló kù tí a ó máa ro ẹjọ́ ilé wa fún?"

Lọ́jọ́bọ̀, a padà lọ. Eléyín ṣí àpótí kékeré kan bí ẹni fẹ́ fún ìyàwó lẹ́bùn. Eyín mẹ́rin wà níbẹ̀, ó funfun, ó dán, ó sì so pọ̀ gírígírí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá mi ní, "Èéjí ńkọ́?"

"Mo ti bá yín dí i, màmá," ni Eléyín sọ. Inú rẹ̀ dùn. "Mi ò sì gba nǹkan kan lé e. Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn dí i. Nígbà tẹ́ ẹ fi àwòrán yẹn hàn mí, mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́."

Mo rò pé ìyá mi á bú u. Wọn ò bú u. Wọ́n fi eyín náà sẹ́nu, wọ́n gba díńgí, wọ́n wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ẹnu ta nìyí?" Wọ́n bá yọ ọ́. Eléyín tọrọ àforíjì títí, ó ní òun máa tún òmíràn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dáa, pé ọjọ́ Ajé ló máa jáde. Ó ní kí wọ́n máa lo èyí ná kí wọ́n lè rí nǹkan fi jẹun. Ìyá mi fi í sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, a sì lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mọ́kànlá kù ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti rù. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé móoru. Ó gbé ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, irú tí ìyá mi fẹ́ràn, ó sì jókòó sórí àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Mo wọlé lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti múra tán, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú áńkáṣífù lẹ́nu.

"Sọ fún un pé mò ń sùn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún, kó wá bá mi bí ilé tó ti wó? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti léyín." Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, ọwọ́ wọn tutù. "Bó o bá sọ fún un pé mi ò léyín, mi ò ní dárí jì ẹ́."

Mo jáde, mo ní, "Wọ́n ń sùn." Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa dúró. Ó dúró fún wákàtí mẹ́ta. Mo fún un ní omi, mo fún un ní bísíkíìtì tí kò jẹ. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo dá a lóhùn; màá padà síbẹ̀. Nígbà tó di aago méjì, ó dìde, ó tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni mo wí. "Wọ́n á ti jí."

"Mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ló wí. "Sọ fún wọn pé wọ́n ránṣẹ́, mo sì wá."

Ní ọjọ́ Ajé, Eléyín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sí ilé wa pẹ̀lú eyín tuntun. Èéjí wà níbẹ̀, igi ìṣáná lè gbà á kọjá. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní parọ́. Ní ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa pé ara òun ò dá. Wọ́n pè mí lọ́jọ́rú pé kò jí.

Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n jókòó yí ìyá mi ká, wọ́n ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè náà jókòó, ó ń wò wọ́n. Ìyá mi ò sunkún, èmi náà ò sunkún. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún sí erìgì kí wọ́n tó fa eyín yọ, tí èèyàn á fọwọ́ kan ètè ara ẹ̀ tí á dà bí ètè ẹlòmíì? Bó ṣe ṣe mí nìyẹn, láti orí dé àtàǹpàkò. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń tẹ̀wé, wọn ò tilẹ̀ rí àṣìṣe kan nínú ẹ̀. Eyín tuntun wà nínú ife omi lórí wíńdò. Ìyá mi ò fọwọ́ kàn án.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Akọ̀wé, a máa pe Eléyín lẹ́jọ́."

Mo sọ gbogbo ohun tí adájọ́ máa sọ fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé." Ó yé mi. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan jókòó sórí àga gíga kó sọ pé ẹni báyìí ló jẹ̀bi.

Ilé ẹjọ́ náà kì í ṣe tiwa, òdìkejì ìlú ló wà, àmọ́ àga rẹ̀ ń dún bíi tiwa béèyàn bá jókòó. Obìnrin ni adájọ́, ọ̀fìnkìn sì ń ṣe é ní tòótọ́. Eléyín ò jiyàn. Ó ní èéjí wà nínú ìwé, òun ò sì ṣe é, òun jẹ̀bi. Ìyá mi mi orí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó jẹ̀bi yàtọ̀ sí iye tó máa san.

Adájọ́ ní, "Màmá, kí ni ẹ pàdánù?"

Ìyá mi sọ ọ́ láti abẹ́ áńkáṣífù. "Ọmọ mi."

Mo gbọ́ bí obìnrin tó ń tẹ̀wé ní igun ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó yá lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé ìyókù, torí èmi ni ẹlẹ́rìí wọn: ìjà, ìpè, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́rú. Ojú Eléyín yí padà bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ nìyẹn.

Adájọ́ yíjú sí i. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ wọn ń bọ̀?"

"Olúwa mi, mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ní àlejò. Wọ́n ní oúnjẹ ni."

"Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni," ni ìyá mi wí.

"Ó yé mi, màmá. Èmi náà ní ilé. Àmọ́ òfin ò lè ní kó gbé ẹrù tí ẹ ò jẹ́ kó rí." Adájọ́ nu imú. "Ẹni tó ń ṣe eyín lè rò ó pé bí eyín bá pẹ́, ẹ ò ní lè jẹ ẹran. Kò lè rò ó pé ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yín. Ohun kejì. Lọ́jọ́bọ̀, ó fún yín ní eyín. Ṣé eyín ni àbí eyín kọ́?"

"Kì í ṣe ẹnu mi."

"Ẹ bá fi ṣe ti ọjọ́ kan ná. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ní ohun tó yẹ kó ṣe. Bí òrùlé tí wọ́n kàn fún yín bá ń jò, ẹ máa gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ò ní jókòó máa wò ó títí ilé á fi kún, kẹ́ ẹ wá gba owó gbogbo ilé lọ́wọ́ káfíńtà."

Ìyá mi ní, "Ìbànújẹ́ ńkọ́?"

Mo fojú wo ilẹ̀, torí mo mọ èyí náà.

"Àwọn àdéhùn kan wà, màmá, tó jẹ́ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ gan-an lèèyàn rà nínú ẹ̀," ni adájọ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Eyín lẹ rà níbí. Mi ò lè dá owó ìbànújẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ má bínú."

Ó dá owó iṣẹ́ èéjí fún wa, owó ọkọ̀ tí a wọ̀ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lásán lọ́jọ́bọ̀, àti owó oúnjẹ rírọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lè ra bàtà kan, tí kì í ṣe bàtà gidi. Eléyín san án lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ti ṣíwájú, ó dá mi dúró lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ló wí. Omi ti lé sí i lójú, ó sì ń bí mi nínú pé òun rí ẹkún sun, èmi ò rí. "Ǹ bá ti fi ayùn kékeré la àárín eyín àkọ́kọ́ yẹn lójú yín níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ní dáa, ojú tì mí láti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ó di ọjọ́ Ajé. Àmọ́ á là. Á ṣe ti ọjọ́ kan."

Mo ní ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Nígbà tí a délé, ìyá mi bọ́ bàtà. Wọ́n lọ sí ibi wíńdò, wọ́n da omi inú ife nù, wọ́n ṣan eyín náà, wọ́n fi í sẹ́nu. Wọ́n wá jókòó sórí àga tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, wọ́n kọjú sí mi. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló wà lójú wọn. Mi ò tíì rò ó rí pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí. "Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó síbí. Kí ló sọ?"

Ní ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tó bi mí ní èyí. Mo ti múra sílẹ̀ fún un, wọn ò bi mí.

"Ó bi mí bóyá èéjí yín ṣì wà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ó wà. Mo ní ó wà dáadáa."

Wọ́n ń dúró, torí wọ́n mọ̀ pé ó kù. Mo sọ ọ́. "Ó ní, 'Á jẹ́ pé èmi ni wọn ò fẹ́ fi í hàn.'"

Ìyá mi pa ẹnu dé. Mo ní, "Ẹ ní bí mo bá sọ fún un pé ẹ ò léyín, ẹ ò ní dárí jì mí."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn yàrá wọn, láti ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti wò ó. "Ìwọ ni ǹ bá pè lẹ́jọ́."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Mo ní, "Ẹ ṣì lè pè mí, mà."

"Kí ni wọ́n máa ní kó o san fún mi?"

Mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro ti àwọn ẹlòmíì, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má fo nǹkan kan. Mi ò rí nǹkan kan, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.